Àwọn ará Rọ́ṣíà ní ẹnubodè Tijuana: asásálà ni wọ́n ni, àbí ẹrù oníṣẹ́ fàyàwọ́?

Ní ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, ọdún 2021, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ méjì gbéra ní ìlú Tijuana ní Mẹ́síkò, wọ́n kọrí sí San Ysidro, ẹnubodè tí èèyàn ń gbà wọ ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ibi tí àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà ti ń yẹ ìwé wò, eré burúkú ni wọ́n ń bá bọ̀. Aṣọ́bodè kan yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọkọ̀ kan rọ́ lu èkejì. Ọta kò ba ẹnikẹ́ni, àmọ́ nígbà tí wọ́n ka àwọn tó wà nínú ọkọ̀ méjèèjì, èèyàn 18 ni, ọmọ Rọ́ṣíà sì ni wọ́n. Wọ́n ní ibi ìsádi làwọn ń wá.

Bí ẹni tó ń kọ ìtàn ọ̀daràn bá fi irú ìran yìí bẹ̀rẹ̀ ìwé, a ti mọ ohun tó kàn: ọ̀gá jàǹdùkú kan tó fín ara láti ọrùn dé ọwọ́, ọkọ̀ àjàgbé tí wọ́n há èèyàn mọ́ inú rẹ̀, báàgì tó kún fún dọ́là. Àwòrán yẹn ti wọ̀ wá lọ́kàn débi pé nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ará Rọ́ṣíà àti ẹnubodè Mẹ́síkò bá tún gbòde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun làwọn èèyàn fi ń túmọ̀ ohun tí wọ́n ń kà. Ẹnì kan á ní amí Putin ni wọ́n. Òmíràn á ní ńṣe ni wọ́n ń tà wọ́n bí ẹrú. Ẹlòmíràn á ní jápa lásán ni, kò lẹ́jọ́ nínú. Ọ̀rọ̀ náà gba kí á tú u palẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó gba Tijuana kọjá kò sá fún aṣọ́bodè. Aṣọ́bodè gan-an ni wọ́n ń wá lọ.

Kí ló gbé ará Rọ́ṣíà dé Mẹ́síkò?

Ẹni tó bá wo àwòrán ayé yóò rí i pé ẹni tó ń ti Moscow lọ sí Amẹ́ríkà kò ní ohunkóhun ṣe ní etíkun Cancún ní Mẹ́síkò. Àwọn ilẹ̀kùn tó tì níbòmíì ló sọ ibẹ̀ di ọ̀nà.

Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ni ti físà. Ní 2021, ìjọba Rọ́ṣíà ní kí ilé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Moscow má gba ọmọ ìlú síṣẹ́ mọ́. Òṣìṣẹ́ tó ṣẹ́kù kò tó nǹkan, ni wọ́n bá dáwọ́ físà dúró fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Amẹ́ríkà fi ará Rọ́ṣíà kún àwọn tí kò ní ibi tí wọ́n ti lè gba físà nílùú ara wọn: ẹni tó bá fẹ́ físà láti lọ fìdí kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Warsaw ní Pólándì ni kó lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Pólándì fúnra rẹ̀ ti ẹnubodè mọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà tó ń rìnrìn-àjò afẹ́.

Ilẹ̀kùn kejì wà nínú òfin ibi ìsádi fúnra rẹ̀. Kò sí físà kankan tó ń jẹ́ físà ibi ìsádi. Òfin Amẹ́ríkà ní ẹni tó bá fẹ́ tọrọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà tàbí kó ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ìyókù dúró lé: ẹni tí wọ́n fi físà dù ni òfin tún sọ fún pé kó kọ́kọ́ dé ná.

Mẹ́síkò ní tirẹ̀ ń wá owó arìnrìn-àjò afẹ́. Ará Rọ́ṣíà kò ní láti lọ tò níwájú ilé-iṣẹ́ aṣojú kankan. Yóò kún fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi ìyọ̀ǹda ránṣẹ́ sí i, ó di Cancún.

Ogun wá dé. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kejì, ọdún 2022, Rọ́ṣíà gbógun wọ Yukréènì. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ilẹ̀ Yúróòpù ti ojú sánmà mọ́ ọkọ̀ òfúrufú Rọ́ṣíà, tó fi jẹ́ pé ibi bí Istanbul àti Dubai ló kù tí èèyàn lè gbà jáde. Ní oṣù Kẹta, òfin tuntun jáde ní Moscow: ẹni tó bá sọ ohun tí ìjọba kà sí irọ́ nípa ọmọ ogun lè fẹ̀wọ̀n ọdún 15 jura. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹsàn-án, Putin kéde pé wọn yóò kó 300,000 èèyàn sí i lọ sójú ogun. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó lé ní 200,000 ará Rọ́ṣíà tó wọ Kazakhstan. Ní Verkhny Lars, níbi tí wọ́n ti ń wọ orílẹ̀-èdè Jọ́jíà, wọn kì í jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ kọjá, ni àwọn ọkùnrin tó ti dàgbà bá ń wá kẹ̀kẹ́ ọmọdé rà, kí wọ́n ṣáà ti máa gun nǹkan kan.

Àwọn ará Rọ́ṣíà ní gbólóhùn kan tó ti wà lẹ́nu wọn tipẹ́ kí ogun yìí tó dé: «pora valit». Bí ọmọ Èkó bá máa túmọ̀ rẹ̀, yóò ní ó ti tó àsìkò láti jápa.

Iye àwọn tí aṣọ́bodè Amẹ́ríkà kà ní ẹnubodè Mẹ́síkò fi bí ó ṣe lọ hàn. Ọdún ìṣúná wọn máa ń parí ní oṣù Kẹsàn-án. Nínú ti 2020, ará Rọ́ṣíà tí wọ́n kà kò tó 500. Ní 2021, ó lé ní 4,000. Ní 2022, ó ti kọjá 21,000. Ẹ kíyè sí i pé ti 2021 ti fò sókè kí ìbọn tó dún ní Yukréènì. Ọdún yẹn ni wọ́n ti Alexei Navalny, olóṣèlú tó ń ta ko Putin, mọ́lé, tí ilé ẹjọ́ sì pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní alákatakítí, débi pé ẹni tó ti dá owó fún wọn rí pàápàá kò mọ ọjọ́ tí wọn yóò kan òun lára.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọjá gan-an?

Ọ̀rọ̀ ìlà kan àti àgọ́ kan ni. Ìlà tó pín orílẹ̀-èdè méjèèjì wà nílẹ̀ ní San Ysidro. Àgọ́ tí àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà ti ń yẹ ìwé wò wà níwájú ìlà yẹn, lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn wá, òṣìṣẹ́ kan ti dúró gbọn-in sórí ìlà tó ń dá àwọn tí kò ní ìwé padà kí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn tó kan ilẹ̀. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ńkọ́? Ó ti kọjá ìlà kó tó kan àgọ́. Tó bá ti débẹ̀, tó la ẹnu, tó ní òun ń wá ibi ìsádi, ó ti dé Amẹ́ríkà lójú òfin.

Láti oṣù Kẹta ọdún 2020 títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni òfin ìlera kan tí wọ́n ń pè ní Title 42 fi jẹ́ kí aṣọ́bodè lé èèyàn padà láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n ní nítorí àrùn Kòrónà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lé èèyàn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbà á. Mẹ́síkò gba àwọn ọmọ tirẹ̀ àti ti orílẹ̀-èdè mélòó kan tó wà nítòsí rẹ̀. Kò gbà láti máa gba ará Rọ́ṣíà padà. Dídá wọn padà sí Moscow sì jẹ́ ìrìn-àjò gígùn tó gba owó àti ìwé. Nítorí náà, nígbà yẹn, ará Rọ́ṣíà tó bá ti kan àgọ́, wọ́n á mú un, wọ́n á bi í ní ìbéèrè, wọ́n á fún un ní ìwé ìpẹ̀jọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì ń fi í sílẹ̀ kó máa lọ dúró de adájọ́.

Bí ọkọ̀ àlòkù ṣe di kọ́kọ́rọ́ nìyẹn. Ìdílé kan, tàbí àwọn tí kò mọ ara wọn rí tó pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì, á dáwó jọ ra ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ní pe àfiyèsí, wọ́n á tò sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ San Ysidro bí àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́. Àwọn 18 tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe náà nìyẹn, àfi pé tiwọn kò lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ta ló ń kọ́ wọn? Orí Telegram ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà. Níbẹ̀ ni ẹni tó ti kọjá ti máa ń ròyìn fún ẹni tó ń bọ̀: òtẹ́ẹ̀lì tó yẹ kí èèyàn sanwó rẹ̀ kí òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfúrufú Mẹ́síkò lè gbà pé òkun ló wá wẹ̀, ohun tó yẹ kó wọ̀, ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọ. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Níbi tí ọ̀fẹ́ parí sí ni «pomogayka» bẹ̀rẹ̀. Láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí «ṣe ìrànwọ́» ni wọ́n ti mú orúkọ náà, bí ìgbà tí a bá ń fi ẹnì kan ṣẹ̀fẹ̀ pé «bá-mi-ṣe-é». Òun ni yóò pàdé ẹ ní pápákọ̀, tí yóò wá ọkọ̀ fún ẹ, tí yóò júwe ọ̀nà, tí yóò gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là.

Àwọn ará Mẹ́síkò ti ní orúkọ tiwọn fún irú iṣẹ́ yìí tipẹ́: «coyote», ìyẹn ẹranko ajá-igbó kan, tàbí «pollero», adádìyẹ. Àwọn tó ń tẹ̀ lé e ni wọ́n ń pè ní adìyẹ. Adádìyẹ máa ń da adìyẹ gba inú aginjù lóru. Ìmọ̀ ni pomogayka ń tà ní tirẹ̀, ó sì lè má jáde nílé rárá.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ìlà tó wà nílẹ̀ yẹn hàn sí gbogbo ayé. Àwọn ará Yukréènì tó sá fún ogun dé Tijuana, Amẹ́ríkà sì ní kí aṣọ́bodè jẹ́ kí wọ́n wọlé láìka Title 42 sí. Ìwé ìrìnnà wọn ni wọ́n ń nà sókè, wọ́n ń kọjá. Nǹkan bí ọgbọ̀n ará Rọ́ṣíà, tí àwọn kan nínú wọn ní ọmọ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, tẹ́ kúbùsù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n sùn síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, títí ìjọba ìlú Tijuana fi ní kí wọ́n dìde. Èdè kan náà ni àwọn tó ń kọjá àti àwọn tó jókòó ń gbọ́.

Lẹ́yìn èyí ni CBP One dé, áàpù ilé-iṣẹ́ aṣọ́bodè Amẹ́ríkà. Láti oṣù Kíní ọdún 2023, ẹni tó bá wà ní àárín gbùngbùn tàbí àríwá Mẹ́síkò lè fi fóònù tọrọ ọjọ́ tí yóò lọ bá aṣọ́bodè. Nígbà tó yá, àyè 1,450 ni wọ́n ń pín lójúmọ́. Ọkọ̀ àlòkù kò wúlò tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Fóònù ló kù, àti sùúrù. Àwọn kan dúró ní Tijuana fún ọ̀sẹ̀, àwọn mìíràn fún oṣù. Ọjà náà sì yí padà mọ́ àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́: ẹni tó ń ta ọ̀nà lánàá ń pariwo lónìí pé òun lè bá èèyàn rí ọjọ́ gbà kíá, ẹni tó bá sì gbà á gbọ́ ló mọ ohun tójú rẹ̀ rí.

Ṣé fàyàwọ́ ènìyàn nìyẹn, àbí òwò ẹrú?

Ibí yìí ni ìdàrúdàpọ̀ pọ̀ sí jù. Ọ̀rọ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ dé àyè kan. Fàyàwọ́: ẹni tó ń fi àyà wọ́ nílẹ̀ kí aṣọ́bodè má bàa rí i. Ẹni tó bá ti gba Ìdiròkó tàbí Sẹ̀mẹ̀ kọjá mọ̀ ọ́n, ìrẹsì ló sábà máa ń wà nínú ìtàn náà. Nígbà tó bá wá kan ènìyàn, òfin àgbáyé pín in sí méjì, wọn kì í sì í ṣe ohun kan náà.

Ní 2000 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn nípa ìwà ọ̀daràn tó ń ré kọjá ààlà, tí wọ́n ṣí ìwé rẹ̀ fún ìbuwọ́lù ní Palermo ní Ítálì. Àdéhùn kékeré méjì tó kan ọ̀rọ̀ yìí wà lára èyí tó tẹ̀ lé e. Ọ̀kan sọ̀rọ̀ nípa fàyàwọ́ ènìyàn: kí ẹnì kan gba owó tàbí èrè mìíràn láti mú ẹlòmíràn wọ orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ́nà tí kò bófin mu. Ẹni tó ń lọ mọ ibi tó ń lọ, òun ló sì sanwó. Tó bá ti dé, ọ̀rọ̀ parí láàárín wọn. Èkejì sọ̀rọ̀ nípa kíkó ènìyàn ṣòwò: kí wọ́n fi ipá, ẹ̀tàn tàbí ìhalẹ̀ kó èèyàn láti jèrè lára rẹ̀, yálà níbi iṣẹ́ aṣẹ́wó, iṣẹ́ tipátipá tàbí òmíràn. Ìyẹn kò nílò ààlà rárá. Ó lè ṣẹlẹ̀ láàárín àdúgbò méjì nínú ìlú kan.

Àpẹẹrẹ kejì yìí kò jìnnà sí wa, Rọ́ṣíà kan náà ló sì ti wá. Nígbà ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2018, Rọ́ṣíà jẹ́ kí ẹni tó bá ti ní káàdì òǹwòran tí wọ́n ń pè ní Fan ID wọlé láìsí físà. Wọ́n fi ìlérí iṣẹ́ tàn àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà kan débẹ̀, ó di pé aṣẹ́wó ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n ṣe láti fi san gbèsè ìrìn-àjò. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan náà dé Moscow lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tí kò sí níbì kankan, wọ́n há sẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà títí ìjọba fi ní kí wọ́n kó wọn wálé ní oṣù Keje. Wọ́n bófin mu lójú aṣọ́bodè nígbà tí wọ́n ń wọlé. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọbìnrin yẹn ni òfin ń pè ní òwò ènìyàn.

Ará Rọ́ṣíà tó wa ọkọ̀ dé San Ysidro ní tirẹ̀, kò sẹ́ni tó kó o. Ṣé ó wá di fàyàwọ́? Àdéhùn Palermo sọ pé ẹni tí wọ́n fi fàyàwọ́ kó wọlé kò jẹ̀bi fàyàwọ́. Ẹni tó gba owó ló jẹ̀bi. Àdéhùn àwọn asásálà ti 1951 tún fi kún un, nínú abala 31, pé kí orílẹ̀-èdè má fìyà jẹ asásálà nítorí pé ó wọlé láìgbàṣẹ, bí ó bá ti ibi tí ẹ̀mí rẹ̀ ti wà nínú ewu wá tààrà, tó sì tètè fi ara rẹ̀ han àwọn aláṣẹ. «Tààrà» yìí ni àwọn amòfin ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tó sùn ní Istanbul, tó jẹun ní Cancún, ṣé ó wá tààrà? Àwọn kan ní rárá, kó tọrọ ibi ìsádi ní Mẹ́síkò. Àwọn kan ní ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún un nìkan ló gbà.

Nínú òfin Amẹ́ríkà, abala méjì wà tó dà bíi pé wọ́n ń bá ara wọn jà. Ọ̀kan sọ pé ẹni tó wọlé láìgba ẹnu ọ̀nà lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nígbà àkọ́kọ́. Èkejì sọ pé ẹni tó bá ti dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà lè tọrọ ibi ìsádi, ì báà gba ẹnu ọ̀nà tàbí kó má gbà á. Ti ẹni tó ń gbowó kò lọ́jú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá fi èrè kó èèyàn wọlé lè gba ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 10 ní Amẹ́ríkà, bí ẹ̀mí bá sì bọ́, ìyà náà lè di ẹ̀wọ̀n gbére tàbí ikú. Òfin Mẹ́síkò ní ọdún 8 sí 16.

Pomogayka wá jókòó sí àárín méjì. Sísọ fún èèyàn pé àgọ́ wà lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Inú ìwé òfin ló wà. Títa ọkọ̀ lásán kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí ó bá wá kọ́ ọ ní irọ́ tí yóò sọ fún adájọ́, tàbí tó gbowó láti wà á débẹ̀, tàbí tó fún òṣìṣẹ́ ní owó ẹ̀yìn, ó ti bọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tó ń sanwó kì í sábà mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn wo gan-an ló ń lọ?

Oríṣiríṣi ni wọ́n. Àwọn kan tẹ̀ lé Navalny, tó kú sí ẹ̀wọ̀n ní oṣù Kejì ọdún 2024. Àwọn kan jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà, ẹ̀sìn tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ Rọ́ṣíà fòfin dè ní 2017. Ilé ẹjọ́ kan náà ló ní ẹgbẹ́ àwọn tó ń fẹ́ irú ara wọn jẹ́ ti alákatakítí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Àwọn kan wá láti Chechnya, Dagestan àti Buryatia, àwọn agbègbè kan nínú Rọ́ṣíà. Àwọn mìíràn kò ní ju pé wọn kò fẹ́ jagun lọ.

Àwọn tó gbẹ̀yìn yìí ni ẹjọ́ wọn le jù. Lójú òfin, kíkọ̀ láti ṣiṣẹ́ ológun nìkan kò sọ èèyàn di asásálà, nítorí gbogbo orílẹ̀-èdè ló lè pe ọmọ rẹ̀ sógun. Ìwé ìtọ́sọ́nà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí asásálà fi àyè kan sílẹ̀: bí ogun náà bá jẹ́ irú èyí tí àgbáyé ti bẹnu àtẹ́ lù pé ó lòdì sí ìwà ọmọlúàbí, ìyà tí wọ́n bá fi jẹ ẹni tó kọ̀ ọ́ lè di inúnibíni. Orí gbólóhùn kan ṣoṣo yìí ni ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò ń gbé ẹjọ́ wọn kà.

Kí ni àwọn tó ń ṣàríyànjiyàn ń sọ?

Àwọn tó ń bójú tó ààbò Amẹ́ríkà ń béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe máa yẹ ẹni tí ìjọba rẹ̀ kò ní dá wọn lóhùn wò. Wọ́n máa ń tọ́ka sí oṣù Kẹfà ọdún 2024, nígbà tí wọ́n mú ọmọ Tajikistan mẹ́jọ ní New York, Philadelphia àti Los Angeles lórí ìfura pé wọ́n ní àjọṣe pẹ̀lú ISIS. Ẹnubodè Mẹ́síkò ni wọ́n gbà wọlé, aṣọ́bodè sì ti yẹ̀ wọ́n wò kó tó fi wọ́n sílẹ̀. Ọmọ Rọ́ṣíà kọ́ ni wọ́n, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kan gbogbo ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn.

Ní ìlà-oòrùn Yúróòpù, ohun mìíràn ni wọ́n ń sọ. Kaja Kallas, nígbà tó jẹ́ olórí ìjọba Estonia, sọ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022 pé àǹfààní ni kí èèyàn wá ṣèbẹ̀wò sí Yúróòpù, kì í ṣe ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ọ̀pọ̀ ará Yukréènì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò fẹ́ràn ogun Putin, ilé ni kó dúró sí kó bá a wọ̀jà.

Àwọn agbẹjọ́rò àti ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ní ẹni tó bá wọ̀jà níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ, ìdí tí òfin ibi ìsádi sì fi wà nìyẹn. Ẹ̀sùn tiwọn dá lórí àtìmọ́lé: àwọn ará Rọ́ṣíà kan tó dá ara wọn lé aṣọ́bodè lọ́wọ́ lo ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn irin, ọkọ níbì kan, ìyàwó níbòmíì.

Àwọn kan tún ní áàpù àti ìlà tó wà nílẹ̀ ló ń fi oníṣẹ́ fàyàwọ́ ṣe olówó: bí ọ̀nà tó bófin mu bá ṣe ń há sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye tí ẹni tó mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú ń gbà á ṣe ń lọ sókè. Àwọn alátakò wọn dáhùn pé bí wọ́n bá ṣí ọ̀nà sílẹ̀ gbayawu, oníbàárà ni yóò pọ̀ sí i.

Ṣé Tijuana nìkan ni ọ̀nà?

Rárá o. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ọkùnrin méjì láti etíkun Rọ́ṣíà tó kọjú sí Alaska wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré, wọ́n gúnlẹ̀ sí Gambell, abúlé kan ní erékùṣù St. Lawrence. Láti ibẹ̀ dé ilẹ̀ Rọ́ṣíà kò tó 60 kìlómítà. Wọ́n ní àwọn sá fún ogun ni. Wọn kò san kọ́bọ̀ fún coyote kankan. Ní Ajẹntínà, ikùn ni àwọn obìnrin gbé lọ: àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ní aláboyún Rọ́ṣíà tó lé ní 10,000 ló wọlé láàárín ọdún kan títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nítorí ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀ ti di ọmọ onílùú, àwọn òbí náà á sì tipa rẹ̀ rí ìwé gbà.

Ní àríwá, ọ̀rọ̀ yí padà: Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀ ni wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó ń ti èèyàn jáde. Ní 2015, ó lé ní 5,000 àjèjì, ará Síríà pọ̀ nínú wọn, tó gba Storskog wọ Nọ́wè lórí kẹ̀kẹ́. Òfin Rọ́ṣíà kò jẹ́ kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn kọjá, òfin Nọ́wè kò jẹ́ kí awakọ̀ gbé ẹni tí kò ní ìwé, kẹ̀kẹ́ nìkan ni òfin méjèèjì kò dárúkọ. Ó jọ ti San Ysidro, ó jọ ti Verkhny Lars: ohun tí òfin ẹnubodè bá gbàgbé ni èèyàn ń gùn. Nígbà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí Fínlándì ní ìparí ọdún 2023, tí nǹkan bí 1,300 ará Síríà, Sòmálíà, Yemen àti ibòmíì dé láìní físà, Helsinki ní Moscow ló ń fi wọ́n ṣe ohun ìjà. Moscow ní irọ́ ni. Fínlándì ti gbogbo ẹnubodè tí èrò ń gbà lórí ààlà 1,340 kìlómítà náà, nígbà tó sì di oṣù Keje ọdún 2024, ilé aṣòfin fi ìbò 167 sí 31 fọwọ́ sí òfin tó jẹ́ kí aṣọ́bodè lè dá olùtọrọ ibi ìsádi padà.

Ibo ni ọ̀rọ̀ dé báyìí?

Ní ọjọ́ 20, oṣù Kíní, ọdún 2025, kò pẹ́ rárá tí Donald Trump búra tán, CBP One kú lórí fóònù. Nǹkan bí 30,000 èèyàn ló ti ní ọjọ́ tí wọn yóò wọlé. Wọ́n fagi lé gbogbo rẹ̀. Láàárín ọdún méjì tí áàpù náà fi ṣiṣẹ́, ó lé ní 900,000 èèyàn láti orílẹ̀-èdè gbogbo tó ti gba ibẹ̀ wọlé. Ní ọjọ́ kan náà, Trump kéde pé ìgbóguntì ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ẹnubodè, ó sì ti ọ̀nà ibi ìsádi mọ́ àwọn tó bá gba ibẹ̀ wọlé. Ní oṣù Keje, adájọ́ kan ní Washington dájọ́ pé ààrẹ kò ní agbára bẹ́ẹ̀, ìjọba sì pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ìlà tó wà nílẹ̀ yẹn náà ti dé ilé ẹjọ́: ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní 2024 gbà pé ẹni tí aṣọ́bodè dá dúró ní ìhà Mẹ́síkò ti dé Amẹ́ríkà lójú òfin, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ Amẹ́ríkà sì gbà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 láti gbọ́ ọ.

Àwọn ará Rọ́ṣíà tí ọjọ́ tí áàpù náà kú bá ní Mẹ́síkò ní láti yan nínú ohun mẹ́ta: kí wọ́n tọrọ ibi ìsádi níbẹ̀, kí wọ́n wá orílẹ̀-èdè mìíràn, tàbí kí wọ́n padà sílé. Àwọn tó ti wọ Amẹ́ríkà ṣì ń dúró de adájọ́, bí áàpù náà sì ṣe wà lórí fóònù wọn, ó kàn yí orúkọ padà ni. Láti oṣù Kẹta ọdún 2025 ni wọ́n ti ń pè é ní CBP Home, bọ́tìnnì tuntun inú rẹ̀ sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ sọ fún ìjọba pé òun ti ń lọ.